Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ ìlànà ìkọ́ni mi?

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́ nọ́ọ̀sì, mo kí yín láti Ọ̀fà. Lẹ́yìn ọdún 11 tí mo fi tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, wọ́n sì ní kí n kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ìkọ́ni.

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dídùn tí ẹnikẹ́ni lè kọ ló kún inú rẹ̀. Mo ka àlàyé tí Patricia Benner, onímọ̀ nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣe ní ọdún 1984 pé ìpele 5 ni nọ́ọ̀sì ń gbà, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọ̀jáfáfá, ó sì yé mi. Síbẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan, tí mo rọra dúró tì í títí ó fi tún un wọ̀n, dípò kí n jágbe mọ́ ọn bí wọ́n ti ṣe fún èmi náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹ́wọ́ àṣìṣe, aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ṣé kí n fi ìtàn yìí ṣáájú ni, àbí àlàyé àwọn onímọ̀ ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín sílẹ̀.