Ìmúhewú ni, kì í ṣe àdàmọ̀dì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ayé àtijọ́ ṣe, tí wọ́n á ra páàtì tuntun, tí wọ́n á wá máa ṣe é títí yóò fi rí bí èyí tó ti wà lára ọkọ̀ náà láti ọjọ́ aláyé. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé: ìsọdògbó, ìmúdógùn-ún, àti èyí tí Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn dìrọ̀ mọ́, àdàmọ̀dì. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú "gbó" ná. Bí mẹkáníìkì bá ní páàtì kan ti gbó, ohun tó ń wí fún ọ ni pé kí o lọ ra òmíràn. Agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Èyí tí à ń sọ yìí kò tíì lo agbára kankan. Ojú rẹ̀ nìkan la fẹ́ kó dàgbà. "Dógùn-ún" ní tirẹ̀ dára fún irin, ṣùgbọ́n idẹ kì í dógùn-ún, awọ àti pákó kì í dógùn-ún. Ford Model T, tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ láàárín 1908 sí 1927, rédíétọ̀ onídẹ ló wà níwájú rẹ̀ títí di 1916. Ẹni tó bá ń tún irú èyí ṣe, wàhálà idẹ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òrùka fìtílà tuntun ń kọ mànà, nígbà tí idẹ yòókù lára ọkọ̀ ti ṣú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi asetónì, omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, nu fáníìṣì tí àwọn tó ṣe é fi bò ó. Wọ́n á gbé e sínú ike tó ní ọmọrí, wọ́n á gbé abọ́ kékeré tó ní amóníà, omi olóòórùn líle kan, tì í, omi náà kò sì gbọdọ̀ kàn án. Èéfín rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, torí amóníà a máa ta ojú àti ọ̀fun. Tí wọ́n bá ṣí i, idẹ náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ì bá ti máa kàn lójoojúmọ́, wọ́n á fi kànìnkànìn onírin ha á díẹ̀ kí ibẹ̀ lè máa dán. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀. Idẹ fúnra rẹ̀ ló yí padà.

Ìdí tí mo fi dábàá "ìmúhewú" nìyẹn: wọ́n mú òrùka náà hewú. Ẹni tó bá wá jókòó ti ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, tó kun páàtì kó lè jọ ohun tó pẹtà, "ìkùnléwú" nìyẹn, bí a ṣe ń kun nǹkan lósùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré àmì ohùn o. Ewú ni mo wí, kì í ṣe ewu.)

Ewu ọ̀hún náà kò sì jìnnà. Ìkùnléwú kò ju ara lọ, ṣùgbọ́n ìmúhewú lè wọ eegun. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, wọ́n kó ọta ìbọn onídẹ pamọ́ sí ilé ẹṣin lásìkò òjò. Amóníà tó ń ti inú ìtọ̀ ẹṣin jáde mú kí ara àwọn ọta náà máa sán. Nítorí náà, òrùka fìtílà ṣeé mú hewú. Páàtì tó ń gbé ẹrù, tàbí tí wọ́n dè pinpin, ẹ jẹ́ kó máa dán.

Arábìnrin kan bi wá pé ṣé mọ́tò ní irun ni. Mọ́tò tó ń dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí a ń pe táyà rẹ̀ ní ẹsẹ̀, tí a tún sọ ní Tòkunbọ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun? Ewú kò lè pọ̀ jù fún un.

Ó wá ku àdàmọ̀dì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀ṣẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ń kà síni lọ́rùn kí a tó mọ ohun tónítọ̀hún ṣe. FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ní Ìwé Àdéhùn Turin ti 2012, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n sàmì tí kò ní parẹ́ sára páàtì tí wọ́n bá ṣe rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó mú páàtì rẹ̀ hewú, tó sàmì sí i lẹ́yìn, tó sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, ta ló tàn jẹ? Ẹni tó fi pamọ́ kí owó lè gorí ọkọ̀ ni ẹ máa pè ní àdàmọ̀dì, ẹ tilẹ̀ fi ayédèrú kún un. Torí owó ńlá wà nínú ewú gidi: Bugatti Brescia ti 1925 tí wọ́n fà jáde nínú adágún Maggiore ní 2009, tí ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀, ju 260,000 yúrò lọ ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Paris lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó rà á kò tún un ṣe, bó ṣe wà ló gbé e kalẹ̀ fún ìwòran.

Páàtì tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn kò sí nínú ìmúhewú tàbí ìkùnléwú. Òun ló ni ewú tó wà lórí rẹ̀. Àlòkù ni mo máa fi í sílẹ̀ sí.