Géèmù ń lọ geere nínú fèrèsé, ó dé fullscreen ó dàrú: ẹ sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Python àti pygame (àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ń kọ géèmù) ni mo fi kọ géèmù àkọ́kọ́ tí mo kọ parí. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò sí wàhálà kankan. Mo wá gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ti kọ 1920 àti 1080 sínú set_mode, àṣẹ tó ń ṣí fèrèsé, mo fi FULLSCREEN tì í kó lè gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, torí mo mọ̀ pé bí ojú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣe tóbi tó nìyẹn. Kò tíì pa ọ̀tá méjì tó fi bi mí pé, "Ẹ̀mí mi dà?" Mo ní kó wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo wò ó, àṣé géèmù náà ti tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ, etí ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ ti bọ́ síta.

Òru méjì gbáko ni mo fi ń tú kóòdù tó ń ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló jẹ̀bi. Ìgbà tí mo ní kí pygame.display.Info() sọ iye tó rí fún mi ni ojú mi tó là: 1536 sí 864. Ọ̀rẹ́ mi ti yan 125% nínú ètò Windows kí lẹ́tà lè tóbi lójú ẹ̀. Ẹ fi 1.25 pín 1920, ẹ ó bá 1536 níbẹ̀. Windows gbà pé géèmù mi ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yẹn, ló bá ń bá mi fẹ̀ ẹ́. Ìlà kan péré ló tún un ṣe: SetProcessDPIAware, àṣẹ tó ń sọ fún Windows pé géèmù mọ̀ nípa ìfẹ̀ yẹn, tí mo gba inú ctypes (ohun tí Python fi ń pe kóòdù Windows) pè. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí fèrèsé ti ń ṣí o, kò dá mi lóhùn. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú, àmọ́ tiyín ṣì rọ̀. C++ àti Direct3D 9 (ohun tí wọ́n fi ń ya àwòrán géèmù lórí Windows) lèmi ń lò nígbà náà. Ẹni tó bá fi Alt àti Tab kúrò nínú géèmù mi, tó bá padà dé, òkùnkùn biribiri ló máa bá. Orin ń dún, ọ̀tá ń yìnbọn, ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Mo mọ̀ pé device, ìyẹn ọ̀nà tí géèmù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, máa ń sọnù béèyàn bá kúrò ní fullscreen, pé gbogbo ohun tó wà nínú D3DPOOL_DEFAULT (ìrántí tó ń bá device lọ) ni mo gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ kí n tó pe Reset láti jí i padà. Mo tú wọn sílẹ̀. Reset ṣì ń dá D3DERR_INVALIDCALL (àṣìṣe tó ní ìpè mi ò tọ́) padà fún mi.

Ohun tó wá mú un le ni pé debugger, ohun èlò tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe inú kóòdù, ò wúlò. Kọ̀ǹpútà olójú kan ni mo ní. Bí mo bá ní kí kóòdù dúró níbì kan, ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n géèmù ló gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, debugger wà lẹ́yìn ẹ̀ níbi tí mi ò ti lè rí i. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jáde. (Ẹ má rín mi.) Nígbà tó sú mi, mo ní kí géèmù máa kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe sínú fáìlì kan. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn: texture (àwòrán inú káàdì àwòrán) tí mo ń ya òjìji sí. Mo tú texture fúnra ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi GetSurfaceLevel gba surface (ojú àwòrán náà) kan lára ẹ̀, mi ò sì fi Release tú ìyẹn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, òun ló ṣì di texture náà mú.

———

Tèmi ò gùn. GLFW (àkójọ kóòdù tó ń ṣí fèrèsé), Mac olójú Retina, tí iye píksẹ́ẹ̀lì ẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n fèrèsé lọ. Géèmù ká jọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló gbà, ibi tó kù ṣófo. Ìwọ̀n fèrèsé ni mo ń fún glViewport (àṣẹ tó ń sọ ibi tí àwòrán máa gbà), nígbà tó jẹ́ pé iye píksẹ́ẹ̀lì ló ń fẹ́. Mo yọ glfwGetWindowSize, mo fi glfwGetFramebufferSize rọ́pò ẹ̀. Ó tán.

———

SDL2, àkójọ kóòdù géèmù mìíràn, ni tèmi. Mo ya géèmù mi ní 320 sí 180, torí ìlọ́po mẹ́fà ẹ̀ ni 1920 sí 1080 gẹ́lẹ́. Mo lo SDL_WINDOW_FULLSCREEN_DESKTOP àti SDL_RenderSetLogicalSize (tó ń fẹ àwòrán kékeré náà bo ojú kọ̀ǹpútà), àwòrán dúró dáadáa. Bọ́tìnnì inú mẹ́nù ń gbọ́ máòsì. Ìbọn ni kò gbọ́: ibi tí mo bá nà án sí kọ́ ni ọta ń lọ.

Mo ṣe kàyéfì títí. Máòsì kan náà mà ni! Àṣé event (ìròyìn tí SDL ń fi ránṣẹ́ bí máòsì bá ṣe nǹkan) ni mẹ́nù ń kà, SDL sì ti bá mi yí iye inú event padà sí ti 320 sí 180. SDL_GetMouseState ni ìbọn ń bi, ìyẹn ò sì bá ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà. SDL_RenderWindowToLogical, tó ń ṣe ìyípadà yẹn, ló parí ìjà.

Lórí láptọ́ọ̀pù 1366 sí 768, àwọn píksẹ́ẹ̀lì kan sanra, àwọn kan tín-ín-rín. Mo tan SDL_RenderSetIntegerScale (kó máa fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po odindi nìkan), ó fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi etí dúdú sí i yíká. Àwọn kan ò fẹ́ràn etí dúdú yẹn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju píksẹ́ẹ̀lì tó wú lọ.

———

Àbúrò oníbọ́tìnnì, mo ti rín ẹ, má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ojú kejì mọ́ kọ̀ǹpútà mi, géèmù sì ń yan èyí tó bá wù ú láti ṣí sí. Ta ló ti bá irú ẹ̀ jà?