Motif ES7 wa kò gba ohùn gángan sílẹ̀: irú mẹ́mórì wo ni kí n rà?

AlùdùùrùÒṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa. Tòkunbọ̀ Yamaha Motif ES7 la ní, ó sì ń dún dáadáa. Ẹni tó ń lu gángan fún wa fẹ́ kó lọ sí Àbújá, ọmọ tó sì fẹ́ gba ipò rẹ̀ kò tíì mọ ìlù í sọ. Mo ní kí n gba ohùn gángan ọkùnrin yìí sínú kíbọ́ọ̀dù kó tó lọ. Mo so máìkì mọ́ ọn, kò gbà rárá. Wọ́n ní mẹ́mórì ni kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ní kí n mówó wá, òun á fi RAM (mẹ́mórì náà) ńlá sí i, pé ohùn píánò rẹ̀ náà á tún dùn sí i, kò sì ní máa gé mọ́ tí mo bá tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? RAM 512MB kan wà nílé tí mo yọ lára kọ̀ǹpútà tó ti kú. Ṣé kí n kì í bọ̀ ọ́?

Ẹ̀gbọ́nOníkíbọ́ọ̀dù, Ìbàdàn:
Àbúrò, má kì í bọ ibì kankan o. Gbé RAM yẹn kalẹ̀ ná.

Yí i, kí o wo etí rẹ̀ níbi tí àwọn ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà wà. Àlàfo mélòó ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìran RAM tí wọ́n ń pè ní DDR ni, kì í ṣe tìrẹ; DDR ẹlẹ́sẹ̀ 184 ni Motif XS, àbúrò ES, ń lò. Ti ES rẹ, tó jáde lọ́dún 2003, irú RAM àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní SDRAM, ẹlẹ́sẹ̀ 168, ló ń jẹ, PC100 tàbí PC133 (orúkọ iyára rẹ̀), àlàfo méjì ló sì máa ń ní. Inú kọ̀ǹpútà ayé Pentium III ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Méjì ni wàá rà, kí wọ́n jọra bí ìbejì: iye kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ṣiṣẹ́. 64MB, 128MB tàbí 256MB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 512MB lọ. Ka IC (ṣíìpù) dúdú tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ ju 18 lọ lórí ẹyọ kan.

Ti píánò ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni yẹn ń tàn ọ́, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀. Inú ROM, mẹ́mórì tí a kì í yí padà, ni ohùn píánò wà láti ilé iṣẹ́, RAM kò débẹ̀. Ohùn 128 ni ES lè mú dún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá to ohùn mẹ́rin léra wọn, tí o sì gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì bí ẹni wakọ̀ lọ sí Èkó, ó gbọ́dọ̀ gé. Gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ gángan gan-an ló wù mí jù. Má gba ìlù kan ṣoṣo kí o wá tẹ́ ẹ sórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Bó bá ti ń gòkè ló máa ń yára, tí yóò máa dún bí ìlù ọmọdé, bó bá sì sọ̀kalẹ̀ yóò máa fà bí ẹni tó ń tòògbé. Ọṣán tí onílù ń fún ló ń yí ohùn gángan padà, awọ kan náà ni. Nítorí náà, gba dò, re àti mí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà mẹ́fà, kí ó le díẹ̀, kí ó rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gba èyí tó ń yọ́ gòkè àti èyí tó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 2, tí o sì fi mono (ohùn ẹ̀gbẹ́ kan) gbà á, kò ju 4MB àti díẹ̀ lọ! Kí wá lo fẹ́ fi 512MB ṣe? Ra 64MB méjì.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, fi ra UPS, bátìrì tó máa ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ. Ohun tó wà nínú RAM yìí, iná lọ, ó lọ. Ojú mi ti rí i. Lọ́jọ́ Sunday kan, àárín orin ìyìn, wọ́n mú iná lọ. Kí jẹ́nẹ́rétọ̀ tó gbé e, kíbọ́ọ̀dù ti kú, ó ti jí. Mo tẹ ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi wà, kẹ́kẹ́ pa. Akọrin yíjú wò mí, pásítọ̀ náà yíjú. Fúláàṣì mi wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n USB 1.1, irú tó ń wọ́, ni ES ní, ẹrù tí mo kó sí i sì lé ní 200MB. Orin parí, ọrẹ bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń gbé e wọlé.

ÌyáÌbejì_Akọrin:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Èmi fọwọ́ ara mi fi ti ES6 mi sí i. Yọ wáyà iná kúrò pátápátá. Da ojú rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n fi ìrọ̀rí sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àwọn bọ́tìnnì má baà fara gbalẹ̀. Fọwọ́ kan irin kó o tó mú RAM, pàápàá nígbà ọyẹ́, mànàmáná kékeré tó ń ta ni lọ́wọ́ yẹn lè pa á. Kó síkúrù sínú ife! Ọ̀kan bọ́ sínú tèmi, mo gbọn kíbọ́ọ̀dù títí ó fi jáde, ọkọ mi rò pé orí mi ti yí.

DeleMPC:
Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ní MPC2000XL, ẹ̀rọ Akai tó ń gba ohùn sílẹ̀, bíi tèmi ka èyí kó lọ ra SDRAM o. SIMM, irú RAM àtijọ́ mìíràn, ẹlẹ́sẹ̀ 72 ni tiwa, 2MB ló máa ń bá wá láti ilé iṣẹ́, 32MB ni òpin rẹ̀.

AlùdùùrùÒṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Àlàfo kan ni mo bá lára èyí tó wà nílé, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe. Bàbá kan tó ń kó àlòkù kọ̀ǹpútà jọ ní Ìkẹjà ló ní 64MB méjì tó jọra. Mo ti fi wọ́n sí i, kíbọ́ọ̀dù sì rí wọn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba gbogbo 24, mo sì tọ́jú rẹ̀ sórí fúláàṣì méjì. Dò àti re mọ́ tónítóní, onílù wa gbọ́ ọ, ó ní ta ló jí gángan òun gbé. Ti mí nìkan ni kò dáa: jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò ń kù lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, aago márùn-ún ìdájí, la máa tún un gbà, kí ọkùnrin náà tó tan tirẹ̀.