Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ka ìlù orin "Turn It On Again" ti Genesis?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo bá wá.

Lálẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹta, 2022, mo wà ní gbọ̀ngàn O2 ní London níbi tí Genesis, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣeré ìkẹyìn wọn. Orí àga ni Phil Collins, akọrin wọn, jókòó sí kọrin, torí ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Nic ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ìlù. Omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé "Turn It On Again", orin wọn ti 1980, àtẹ́wọ́ mi ṣáà ń ṣì. Láti kékeré ni mo ti ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kónkóló, ìlù agogo wa, ti mọ́ mi lára: kíkà 12 ni, á yí po, á padà sílé. Orin yìí, kíkà 13 ni! Ẹyọ kan tó lé yẹn ló ń dà mí láàmú. Lánàá, mo fi ṣíbí méjì lù ú lórí tábìlì títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lù, ṣé ẹ ń pín in sí 6 àti 7 ni, àbí gìtá Mike Rutherford lẹ kàn ń tẹ̀ lé? Ẹ dákun, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi ọkùnrin.