Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ ti rí lọ́dọ̀ àwọn tójú wọn ti rí màbo?

Adùnní_Leeds: Àwọn àgbàlagbà tó ní learning disability ni mò ń sọ o, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé láti kékeré ló ti ṣòro fún ọpọlọ wọn láti kọ́ nǹkan tàbí lóye ẹ̀. Ẹ wá sọ tiyín.

Bàbá Tóbi: Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ti lé ní 60 ọdún, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn. Tá a bá ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa láàárọ̀, wọ́n á figbe ta, wọ́n á máa forí gbá ògiri. Oníjàgídíjàgan ni wọ́n kọ síwèé. Àṣé ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń dún ní ìbàdí ọ̀gá wa ni. Àbúrò wọn ló sọ fún wa pé inú ọsibítù àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń tìlẹ̀kùn mọ́ wọn ni wọ́n dàgbà sí. A kó kọ́kọ́rọ́ sápò aṣọ. Igbe ò tán, àmọ́ wọ́n ti ń jókòó jẹ búrẹ́dì wọn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́: Kọ́kọ́rọ́ lásán?

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe lásán fẹ́ni tí wọ́n tì mọ́lé, àbúrò. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Obìnrin kan ò gbà ká wẹ òun lábẹ́ shower. Wọ́n ní ká fipá mú un, mo kọ̀. Mo bomi sí báásíìnì, mo fún un ní kànrìnkàn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ wẹ̀.

Adéwálé K: Ẹ má bínú, ẹ̀ ń kẹ́ wọn jù. Tí wọ́n bá gbá yín létí lóru ńkọ́?

Bàbá Tóbi: Wọ́n ti gbá mi rí, Adéwálé. Ṣé o gbàgbé Winterbourne View ni, ọsibítù àwọn tó ní learning disability lẹ́bàá Bristol? Kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ BBC ló jẹ́ káyé rí i ní 2011 pé àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ló ń lu àwọn èèyàn yẹn. Òṣìṣẹ́ 11 nilé ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Oògùn lèmi ń bẹ̀rù. Oliver McGowan, ọmọ 18 ọdún tó ní learning disability, ní òun ò fẹ́ oògùn ọpọlọ yẹn, àwọn òbí ẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣáà fún un, ó sì kú ní 2016. Òun ni wọ́n fi sọrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá à ń ṣe.

Adéwálé K: Ìyẹn, mo gbà. Àmọ́ tí agency, àwọn tó ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ síbi iṣẹ́, bá pe èèyàn lójijì fún wákàtí 12, ta ló ráyè ka ìtàn ìgbésí ayé?

Ìyá Ìbejì: Ojú ewé kan ni tiwa, iwájú fáìlì ló wà: ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó ń tù ú lára. Kó o tó bọ́ aṣọ òtútù ọrùn ẹ, o ti kà á tán.

Ọmọ_Ọ̀yọ́: Ẹ̀gbọ́n mi kan nílé, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nílé àdúrà, tó bá rí okùn báyìí, ó ti sá nìyẹn. A ní ó ya dìndìnrìn.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́: Wòlíì wo nìyẹn?!

Bàbá Tóbi: Má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Pe ilé, ní kí wọ́n kó okùn kúrò lójú ẹ̀.

Adéwálé K: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi bí ojú ewé yẹn ṣe rí ránṣẹ́ sí mi. Mo ní iṣẹ́ lálẹ́ yìí.