Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ mú Alhaja lọ sí Ko Panyi, abúlé apẹja tó wà lórí òkun

Ọmọ Alhaja: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Phuket ní Tàílándì. Ìyá mi ń bọ̀ wá kí mi láti Ìwó lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni lọ sí etíkun tí àwọn èèyàn ti ń wọ pátá kiri. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí Mùsùlùmí bá wà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá dárúkọ Ko Panyi, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi ní ìhà Phang Nga. Ẹni ọdún 68 ni Alhaja, orúnkún wọn ò sì le mọ́. Àwọn tó ń kó èèyàn rìnrìn àjò sọ pé ọkọ̀ á dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, ká fi jẹun ọ̀sán. Ṣé ìyẹn tó?

Ìyá Ìbejì: Kò tó rárá, àbúrò. Aago méjìlá ọ̀sán ni gbogbo ọkọ̀ tó ti Phuket wá máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé wọ́n á ti kọ́kọ́ lọ wo Ko Tapu, òkúta tó dá dúró nínú omi, tí fíìmù James Bond ti 1974 sọ di olókìkí. Èrò á pọ̀ bí ọjà Ọjà-Ọba. Oúnjẹ ni wọ́n á gbé síwájú yín, ẹ ò ní rí abúlé. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn ará abúlé ń gba àlejò sílé. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti lọ tán, àwọn onílé á wá padà ní abúlé wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Kò-sí-tàn-jẹ: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o. Èmi débẹ̀. Láti èbúté títí dé ẹnu mọ́ṣáláṣí, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń tà. Mo bèèrè apẹja, wọ́n ní ó ti lọ fi ọkọ̀ gbé àlejò.

Ìyá Ìbejì: Ìgbà wo lẹ lọ? Ọ̀sán ni, àbí? Ẹ sọ òótọ́ o.

Ọ̀gbẹ́ni Kò-sí-tàn-jẹ: … Ọ̀sán ni.

Alfa Kékeré: Ẹ jẹ́ ká mọ ìtàn wọn. Àwọn apẹja Mùsùlùmí láti Java ló tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òfin ìgbà náà kò jẹ́ kí àjèjì ní ilẹ̀, ni wọ́n bá rì òpó sínú omi ní ìdí àpáta ńlá kan tó dúró gbọnrangandan lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ rí ibi tí ẹja pọ̀ sí ló ta àsíá sórí àpáta náà káwọn yòókù lè rí i, àsíá sì ni "Panyi" túmọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n lágbára láti ra ilẹ̀, mọ́ṣáláṣí àti kànga omi dídùn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹ sọ fún Alhaja pé ìlànà òfin ẹ̀sìn ti Shafi'i ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti Maliki táwa ń lò nílé. Tí wọ́n bá rí i tí ìjọ gbé ọwọ́ sókè ṣe àdúà lẹ́yìn rúkúù nírun Súbúhì, kó má yà wọ́n lẹ́nu.

Ọmọ Ìlàjẹ: Èmi rẹ́rìn-ín tí mo rí i táwọn èèyàn ń sanwó wo ilé orí òpó. Àwa ṣáà ń gbé e ni! Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pápá bọ́ọ̀lù wọn. Lẹ́yìn ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1986, àwọn ọmọdé ibẹ̀ kó pákó àlòkù àti àwọn nǹkan aléfòó tí àwọn apẹja ti lò jọ, wọ́n kan pápá tó léfòó lórí omi. Ìṣó ń yọ orí, bọ́ọ̀lù ń bọ́ sómi, wọ́n ń gbá a láìwọ bàtà. Lórí ọ̀rọ̀ orúnkún: ẹ béèrè ìgbà tí omi á kún kẹ́ ẹ tó gbéra. Tí omi bá fà, àtẹ̀gùn èbúté á ga, ìyẹn ni kò ní bá Alhaja lára mu. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí pé pákó ibẹ̀ máa ń ní àlàfo, wọ́n á máa rí omi lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbé ọtí dání o. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ajá. Tí wọ́n bá sá edé gígún sóòrùn, ẹ má fọwọ́ dí imú. Kápì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó jẹ irú dàgbà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọmọ Alhaja: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fagi lé ìrìn ọ̀sán yẹn. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ, ká lè kírun Jímọ̀ọ̀ níbẹ̀. Alhaja ní kí n bi yín: ṣé ata wà lọ́hùn-ún, àbí káwọn gún ata dání?

Ọ̀gbẹ́ni Kò-sí-tàn-jẹ: Ata kẹ̀? Ní gúúsù Tàílándì? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé omi dání.