Kí ni kí n ṣe sí síìmù Nàìjíríà mi nílùú ọba?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Manchester láti Ìbàdàn. Síìmù ti ibí kò le, mo ti gba èyí tí à ń ra káàdì sí; ti olóṣooṣù ni wọ́n máa ń yẹ ìtàn gbèsè ẹni wò fún, àlejò ò sì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Síìmù ilé gan-an ni wàhálà. Òun ni wọ́n so mọ́ NIN àti BVN mi, òun náà ni báńkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí tí mo bá fẹ́ sanwó fún Màámi. Mo ti tan roaming (èyí tó ń jẹ́ kí síìmù ilé ṣiṣẹ́ lókè òkun), ìpè ń wọlé, ṣùgbọ́n kóòdù kì í dé àfìgbà tí àsìkò rẹ̀ bá ti kọjá. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n fi síìmù náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi, kó máa ka kóòdù fún mi. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ẹni tó mú síìmù yẹn lọ́wọ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ àpò mi, ọmọ ìyá mi ì báà jẹ́.

Òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, tún ní bí láìnì bá wà lóṣù 6 láìná kọ́bọ̀, wọ́n lè pa á. Tí mo bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ látorí láìnì náà látibí lóṣooṣù, ṣé ó tó?

WhatsApp ńkọ́? Ṣé kí n yí i sí +44, àbí kí n fi í sílẹ̀ lórí nọ́ńbà ilé? Fóònù mi ń gba eSIM (síìmù inú fóònù tí kò ní káàdì), bí ìyẹn bá wúlò.